Ìbọn ọdẹ wo ló dáa jù, ṣé ó sì yẹ kéèyàn gbé ìkejì dání?

Ọmọ_Ọdẹ_Tuntun
Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń yìnbọn ní pápá ìdánrawò, ìwé àṣẹ mi wà, kóòsì ààbò náà mo ti ṣe é, àmọ́ mi ò tíì ní ráífù tèmi, tàwọn tó ni pápá ni mo máa ń yá lò. Ní báyìí mo fẹ́ ra ọ̀kan tí màá fi máa ṣọdẹ, àgbọ̀nrín ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo ní lọ́kàn, bóyá ẹlẹ́dẹ̀ igbó náà, ìrìnàjò ọdẹ kan sì wà níwájú tó jẹ́ pé ọkọ̀ òfurufú la máa wọ̀ lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tí mo bi ló ń dárúkọ kálíbà (ìyẹn irú àti ìwọ̀n ọta tí ìbọn ń yìn) ọ̀tọ̀. Ẹnìkan ní kí n ra magnum (irú ọta tí ẹ̀tù ẹ̀ pọ̀, tó sì lágbára gan-an), ẹlòmíì ní kí n má dán an wò rárá. Wọ́n tún ní mi ò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn kan ṣoṣo dání lọ síbi tó jìnnà. Ṣé òótọ́ ni àbí àwọn tó fẹ́ràn ìbọn ló kàn ń wá àwáwí láti ra sí i? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Àgbà_Igbó
Àbúrò, o káre tó o béèrè kó o tó ra. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kálíbà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi wá, wọn ò ní bi ara wọn pé ẹran wo gan-an ni mo fẹ́ pa, báwo ló ṣe máa jìnnà sí mi tó, ṣé inú igbó kìjikìji ni àbí pápá gbalasa, ṣé mo máa rìn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni àbí màá jókòó sójú kan. Nínú igbó tó dí o lè máà rí ẹran kọjá 80 mítà láéláé, kí lo wá fẹ́ fi ìbọn tí wọ́n ṣe fún 500 mítà ṣe níbẹ̀? Èyí tó kúrú tó sì fúyẹ́, tí ò ní máa há sínú ìtàkùn, ló máa ṣe ẹ́ láǹfààní.

Tó bá jẹ́ àgbọ̀nrín ni, ibi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ wà kì í sábà fẹ̀ ju 20 sí 25 sẹ̀ǹtímítà lọ. Gé bébà tó fẹ̀ tóyẹn, gbé e jìnnà, kúnlẹ̀ tàbí kó o jókòó sílẹ̀ yìn ín, kì í ṣe pé kó o gbé ìbọn lé orí tábìlì àti àpò yanrìn o. Ibi tó jìnnà jù tí gbogbo ọta rẹ ṣì ń wọnú bébà yẹn, ibẹ̀ ni ìyìnbọn rẹ parí sí, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára ìbọn.

Ní ti kálíbà, .30-06 ti wà láti 1906, .270 Winchester láti 1925, .308 Winchester láti 1952, .243 láti 1955, 6.5 Creedmoor ni àbíkẹ́yìn wọn, 2007 ló dé. Gbogbo wọn ló ń pa àgbọ̀nrín dáadáa. Ẹran ò mọ orúkọ tí wọ́n kọ sídìí ọta. Tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá bá wà nínú ẹ̀ màá fi .243 sẹ́yìn díẹ̀, kì í ṣe pé kò lè pa á o, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fún èèyàn láyè tí ọta bá yà díẹ̀ sápá kan. Nínú àwọn yòókù, èyí tó o bá ń rí ọta ẹ̀ rà lọ́pọ̀ yanturu, tó o fi lè máa dánra wò láìṣahun, òun ni kó o mú.

Èjìká_Ń_Dùn_Mí
Orúkọ mi ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀ 😂. Ẹ̀gbọ́n Àgbà_Igbó ti sọ púpọ̀ àmọ́ wọn ò fọwọ́ kan bí ìbọn ṣe ń tàpá. Àbúrò mi, ẹni tó ní kó o ra magnum yẹn, ṣé ó máa bá ẹ gba ìtàpá ẹ̀ ni? Nínú ráífù tó wúwo níwọ̀ntúnwọ̀nsì, bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀, .243 máa ń tàpá tó nǹkan bíi fúùtù-páùn 10 (ohun tí wọ́n fi ń wọn agbára ìtàpá nìyẹn), 6.5 Creedmoor tó 12 tàbí 13, .308 bíi 17 sí 18, .30-06 bíi 20, tó o bá wá dé .300 Winchester Magnum ó ti di 25 sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn, tó bá ti kọjá 20 báyìí, ara ò gbà á mọ́, bí wọ́n tiẹ̀ ń fẹnu sọ pé kò ṣe nǹkan kan. Ara ẹ máa mọ̀ kí ìwọ tó mọ̀. Wàá máa dijú, wàá máa ti èjìká síwájú kí ìbọn tó dún, ọta á sì lọ síbi tó wù ú.

Bó o ṣe máa mọ̀ rèé: ní kí ọ̀rẹ́ ẹ bá ẹ ki ọta sínú ìbọn, kó máa dà á pọ̀ mọ́ ọta ayédèrú tí ò ní ẹ̀tù nínú, kó má jẹ́ kó o mọ èyí tó kì. Tó o bá fa tírígà tí kò dún, tí ẹnu ìbọn wá rì wálẹ̀ wìì, o ti mọ ẹni tó ń ba ìyìnbọn jẹ́ nìyẹn.

Àwọn kan máa ní kó o fi ohun tó ń dín ìtàpá kù sẹ́nu ìbọn. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ariwo ẹ̀ burú, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ ló máa jẹ palaba ìyà ẹ̀. Ráífù lásán gan-an ń dún ju 150 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) lọ, 140 sì ti tó láti ba etí jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bo etí ẹ. Mo mọ àwọn àgbà ọdẹ tó jẹ́ pé ariwo ni wọ́n fi ń báni sọ̀rọ̀ báyìí torí wọ́n rò pé ọmọdé ló ń bo etí.

Tírígà_Tútù
Kó tó di pé ẹ parí ọ̀rọ̀ kálíbà ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìbọn náà bá a lára mu? Nǹkan tó yẹ kó kọ́kọ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Di ojú rẹ méjèèjì, gbé ìbọn tí kò ní ọta nínú (wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí, kó o sì dojú ẹ̀ kọ ibi tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára) sí èjìká bó o ṣe máa ń gbé e, gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, wá lajú. Ṣé inú síkóòpù (awò orí ìbọn tí wọ́n fi ń wo ẹran) gangan lojú ẹ bọ́ sí? Tó o bá ní láti na ọrùn tàbí gbé orí sókè kó o tó rí gbogbo ojú síkóòpù, ìbọn yẹn kì í ṣe tìẹ, kó jẹ́ pé òun ló lẹ́wà jù láyé. Ojú tó lágbára náà ṣe pàtàkì, àwọn kan wà tí wọ́n ń lo ọwọ́ ọ̀tún àmọ́ ojú òsì ni ojú wọn tó lágbára jù, ìyẹn náà ló ń fà á tí wọ́n á ní ìbọn ò dáa. Alọ́wọ́-òsì ń kọ́? Wọ́n ń ṣe bólítì (irin tí wọ́n ń fọwọ́ fà láti ki ọta sínú ìbọn) alọ́wọ́-òsì o, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé wàá mọ́ ọn lára.

Tírígà: kó fà geere, kó já lẹ́ẹ̀kan, kó má máa wọ́ ilẹ̀ kó tó já. Tó bá le jù, fífà á nìkan ti tó láti yí ìbọn kúrò lójú ẹran. Tó bá sì rọ̀ jù, lọ́jọ́ òtútù tó o wọ ìbọ̀wọ́ ó lè já kó o tó ṣetán, ìyẹn ò dáa rárá. Ọ̀pá ìbọn tó gùn tó ínṣì 20 sí 24 ló máa ń tẹ́ ọ̀pọ̀ ọdẹ lọ́rùn.

Ìyá_Ọlọ́fà
Tírígà_Tútù, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ bíbá ara mu yẹn. Àwa tá ò ga, àwa la máa ń jìyà ẹ̀ jù. Ìdí ìbọn tó ń ti ilé iṣẹ́ bọ̀, láti tírígà dé ẹ̀yìn ẹ̀, máa ń gùn tó bí ínṣì 13 ààbọ̀ sí 14, ẹni tí apá ẹ̀ gùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tó bá gùn jù fún ẹ, ó máa há sí abẹ́ apá nígbà tó o bá sáré gbé e, síkóòpù náà á jìnnà sójú. Àwọn ìbọn kan ní àwọn pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sí ìdí ẹ̀ tàbí yọ kúrò, ọ̀nà ìrọ̀rùn nìyẹn, o lè yọ ọ́ tó o bá wọ aṣọ òtútù tó nípọn torí aṣọ yẹn náà ń fi kún gígùn ẹ̀.

Àbúrò wa, tí wọ́n bá ní ìbọn fúyẹ́ gan-an pé ìyẹn ló dáa fún ẹni tó ń rìn, òótọ́ ni, àmọ́ bó ṣe fúyẹ́ tó ló ṣe ń tàpá tó, ó sì máa ń ṣòro láti gbé e dúró sójú kan nígbà tó o bá ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Má lọ fi ara ẹ ṣẹlẹ́yà torí àtidín ìwọ̀n díẹ̀ kù.

Amójútó_Síkóòpù
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi, torí tí ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtakúta, ìbọn fúnra ẹ̀ kì í sábà jẹ̀bi. Síkóòpù ló tú, tàbí àwọn ohun tó dè é mọ́ ìbọn. Ra síkóòpù tó dáa kó o sì lo ìdè tó dáa ju ti síkóòpù fúnra ẹ̀ lọ. 3-9x40 (èyí tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 3 sí 9, tí dígí iwájú ẹ̀ sì fẹ̀ tó mílímítà 40) ti tó fún àgbọ̀nrín láti ẹ̀bá ẹsẹ̀ ẹ dé ibi tí àwa tá à ń yìnbọn bí èèyàn lè yìn ín dé. Nínú igbó, fi í sí 3 o, ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi sí 9, ẹran á wá dìde níbi mítà 20, irun nìkan ni wọ́n á máa rí nínú ẹ̀.

Wọ́n ń fi irinṣẹ́ tó ń ka agbára mọ́ sikúrù ẹ̀, àwọn tó dè é mọ́ òrùka sábà máa ń wà láàrin ínṣì-páùn 15 sí 20, ẹ ka ohun tí ilé iṣẹ́ kọ, ẹ má fi agídí dè é, ẹ má sì jẹ́ kó tú.

Lẹ́yìn náà ni síírò, ìyẹn pé kí ọta máa bọ́ síbi tí àmì inú síkóòpù ń tọ́ka sí ní ìwọ̀n jíjìn tó o yàn. Yọ bólítì, gbé ìbọn lé nǹkan tí ò ní mì, wo inú ọ̀pá ìbọn látẹ̀yìn títí wàá fi rí àmì níbi 25 yáàdì, wá fi síkóòpù bá a mu. Lẹ́yìn náà kó o tó lọ sí 100, yin mẹ́ta mẹ́ta, má yin ọ̀kan ṣoṣo kó o tún máa yí i. Lórí síkóòpù tí kíìkì kan (bí bọ́tìnnì ẹ̀ ṣe ń dún lẹ́ẹ̀kan tó o bá yí i) jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin MOA, ìyẹn ìwọ̀n igun kékeré tí wọ́n fi ń ṣètò síkóòpù, kíìkì kan máa gbé ọta tó nǹkan bíi mílímítà 7 ní 100 mítà.

Àpẹẹrẹ: ọta .308 tó wúwo tó 150 grain (ìwọ̀n ìwúwo tí wọ́n ń lò fún ọta) tó ń jáde bíi 2,820 ẹsẹ̀ bàtà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, tó o bá ṣe síírò ẹ̀ sí 200 yáàdì, ó máa ga tó nǹkan bíi ínṣì 2 ní 100, ó máa lọ sílẹ̀ tó ínṣì 8 sí 9 ní 300. Ìyẹn túmọ̀ sí pé títí di 200 yáàdì àti díẹ̀ síwájú, dojú kọ àárín gbùngbùn ẹran, má wulẹ̀ ronú. Bó o ṣe ń kọjá ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le.

Kúúṣẹ́
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ọta fúnra ẹ̀ o. Ọta tí wọ́n fi bàbà bo gbogbo orí ẹ̀, irú tí àwọn ológun ń lò, sábà máa ń gba inú ẹran kọjá tààrà láìlà, ẹran á sì sá lọ kú síbi tó o ò ní rí i. Ọta ọdẹ ni kó o rà, èyí tí orí ẹ̀ rọ̀ tó máa ń là tó bá wọnú ẹran. Tó bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti fòfin de òjé lò ń lọ, bíi Califọ́níà tó ti kà á léèwọ̀ fún gbogbo ọdẹ láti oṣù July 2019, ọta bàbà pátápátá ni wàá lò, tó o bá sì ti pààrọ̀ ọta, síírò náà ti yí padà nìyẹn.

Ọmọ_Ọdẹ_Tuntun
Ah, ẹ ṣeun ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ó dà bíi pé .308 tàbí 6.5 Creedmoor ni ojú mi ń tọ́ka sí, ìlànà bólítì. Àmọ́ ti ìbọn kejì ńkọ́? Ẹnì kankan ò tíì dá mi lóhùn, ẹ ti lọ bá ọ̀rọ̀ síkóòpù lọ 😅

Ìbọn_Kan_Péré
Mo ti ń dúró de ìbéèrè yìí. Èmi o, mi ò gbé ìbọn kejì rí, mi ò sì ní gbé e. Ẹ wò ó: kí ló ń bàjẹ́ lọ́dẹ? Síkóòpù ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́, èèyàn ṣubú lé e, tàbí àpótí já látọwọ́ ẹni tó ń ju ẹrù. Lẹ́yìn ẹ̀ ni sikúrù tó tú, mágásíìnì (àpótí kékeré tó ń gba ọta sínú ìbọn) tó sọnù, abẹ́rẹ́ inú bólítì tó ń lu ìdí ọta tó kán (èyí ò wọ́pọ̀), àti olórí gbogbo wọn, ìbọn tó dọ̀tí. Kò sí èyí tó gba kó o gbé ìbọn odindi dání. Ohun tó o nílò ni síkóòpù kejì tó ti wà nínú òrùka ìdè tó ń tètè yọ, tó o ti ṣe síírò ẹ̀ lórí ìbọn náà tẹ́lẹ̀ kó o tó kúrò nílé, irinṣẹ́ kékeré tó bá sikúrù ẹ̀ mu, mágásíìnì kan sí i, abẹ́rẹ́ bólítì kan, àti ọ̀pá tó gùn tó o lè fi ti ohun tó bá há sínú ọ̀pá ìbọn jáde. Gbogbo ẹ̀ ò tó kílò méjì. Ẹni tó ń gbé ìbọn méjì, ìbọn méjì ló máa dọ̀tí, méjì ló máa nù, ìwé méjì ló máa gbà.

Tí ojú irin (àwọn irin kékeré orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń fojú sun ẹran láìlo síkóòpù) bá wà lórí ìbọn tó o fẹ́ rà pẹ̀lú síkóòpù, ó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí dígí bá fọ́ o máa yọ ọ́ dànù, o máa fi ojú irin yẹn parí ọdẹ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹran wà ní 80 mítà síwájú.

Àpótí_Tó_Há
Ẹ̀gbọ́n Ìbọn_Kan_Péré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà yẹn dáa tó bá jẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ la fi ń lọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú ni àbúrò yìí ń sọ, ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe pé ìbọn bàjẹ́, ó máa ń jẹ́ pé ìbọn ò dé. Síkóòpù àfikún yín máa wà lọ́wọ́ yín, ìbọn ò sí.

Àwọn tó ń gbé méjì lọ náà máa ń ṣe é bí ẹni tí kò ronú, wọ́n á kó méjèèjì sínú àpótí kan. Àpótí yẹn bá lọ sí orílẹ̀-èdè míì, méjèèjì ló bá a lọ! Tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ bá gbà á, àpótí méjì, ìbọn kọ̀ọ̀kan. Tàbí kí ìwọ pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ lo kálíbà kan náà, tí tẹnìkan ò bá dé, tẹnìkejì wà, ẹ sì lè máa pín in lò.

Àwọn ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fẹ́ ò ṣòro: ìbọn tí kò ní ọta nínú rárá, nínú àpótí líle tó ní kọ́kọ́rọ́, sọ fún wọn ní kántà pé ìbọn wà nínú ẹ̀, má dákẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ rí i. Ọta, ẹrù tí wọ́n ń kó sísàlẹ̀ nìkan ló ń wọ̀, inú páálí tí wọ́n ṣe fún un, òfin ọkọ̀ òfurufú àgbáyé sì fún ẹnìkan ní kílò 5 pẹ̀lú páálí ẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ kan tún ní tiwọn tó kéré sí i. Yọ bólítì kúrò. Kọ nọ́ńbà ara ìbọn kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, síkóòpù náà, kó o sì ní ẹ̀dà lórí fóònù. Má sì gbàgbé ibi tí wàá ti pààrọ̀ ọkọ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kan ń béèrè ìwé àṣẹ bí ìbọn ṣe fẹsẹ̀ kan balẹ̀ lásán, ìyẹn nìkan ti tó láti ba ìrìnàjò jẹ́.

Mo tún fẹ́ràn kálíbà tó wọ́pọ̀ nídìí yìí: tí ọta rẹ ò bá dé, .308 tàbí .30-06 lo máa rí rà níbẹ̀, ẹni tó gbé kálíbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló mọ̀ ọ́n á máa fọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ béèrè, àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ní òfin tó le fún kálíbà tí àwọn ológun máa ń lò. Ọ̀nà tó rọrùn jù ṣì nìyí: bi ẹni tó gbà yín lálejò bóyá wọ́n ní ìbọn tí wọ́n ń yá àlejò. Ọ̀pọ̀ wọn ní. Tó bá wà, ìbọn kejì ti wà níbi tó ò ń lọ nìyẹn, o ò ní láti gbé e.

Àgbà_Igbó
Àpótí_Tó_Há ti sọ ọ́ tán. Ohun kan ló kù: tó o bá máa ra ìkejì, kó jẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́ bíi ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Ìdí? Nígbà tí ẹran bá yọjú tí ọkàn ń lù, ọwọ́ ò ní ronú, ohun tó ti mọ̀ ló máa ṣe. Winchester 70 ní séfútì (ohun tó ń ti ìbọn kó má baà yìn) tó wà lẹ́yìn bólítì, ó ń lọ síbi mẹ́ta, Remington 700 ní tiẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi méjì ló ń lọ. Méjèèjì dáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ọ̀kan, tó gbé èkejì lọ́jọ́ tó ń kánjú, á máa tẹ nǹkan tí ò sí níbẹ̀. Ohun tó le jù ni pé á rò pé òun ti ti séfútì, kó sì jẹ́ pé kò tì í.

Ṣé kó jẹ́ kálíbà kan náà? Tó bá ṣeé ṣe, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ má rò pé ọta kan náà máa bọ́ sójú kan náà nínú ìbọn méjì, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, kọ̀ọ̀kan ló ní síírò tiẹ̀. Tó bá sì jẹ́ kálíbà ọ̀tọ̀ ni, ẹ má kó ọta wọn sí àpò kan láé láé. .300 Blackout lè wọnú ìbọn .223 kó sì tì í pa, tí wọ́n bá yìn ín, ọ̀pá ìbọn lè fọ́. Nínú shotgun (ìbọn tó ń tú ọta wẹ́wẹ́), ọta 20 gauge, tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju 12 gauge lọ, á yọ́ wọ inú ọ̀pá 12 gauge, á há síbẹ̀, ẹnìkan á rò pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, á ki 12 lé e lórí, wàhálà dé nìyẹn. Torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọta 20 gauge di aláwọ̀ ìyeyè.

Ìyá_Ọlọ́fà
Mi ò fara mọ́ kí ìkejì jọ àkọ́kọ́ pátápátá, Àgbà_Igbó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ń sọ ti ìbọn tó máa rọ́pò. Ọ̀pọ̀ wa tó ń gbé méjì, iṣẹ́ méjì la gbé wọn fún. Bí ẹnìkan ṣe gbé .308 fún àgbọ̀nrín kó sì gbé shotgun fún ẹyẹ tó ń bá pàdé lójú ọ̀nà, ìyẹn kì í ṣe ìbọn ìrọ́pò, ìbọn mìíràn ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń gbé e nítorí ìrọ́pò, wọ́n wá yan èyí tí ò lè rọ́pò àkọ́kọ́. Tí ráífù rẹ bá bàjẹ́, shotgun tó o fi ń pa ẹyẹ ò ní bá ẹ yin àgbọ̀nrín tó wà ní 150 mítà. Pinnu èyí tó o fẹ́ kó o tó kó owó jáde.

Àwọn tó ń dẹ ẹfọ̀n àti erin ní tiwọn lọ́tọ̀ o. .375 H&H Magnum tó ti wà láti 1912 ni wọ́n ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún irú ẹran yẹn, ìyẹn sì ni òfin ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ní. Níbẹ̀ ìbọn kejì kì í sí nínú àpótí, ọwọ́ ẹni tó ń ṣamọ̀nà ẹ ló wà, ó dúró tì ẹ́, ó lè yìn kó o tó parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ti wa nìyí, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Òjò_Àti_Yìnyín
Èmi ni mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Igi lẹ́wà, ṣùgbọ́n tó bá mu omi ó máa ń wú, ó máa ń ti ọ̀pá ìbọn sápá kan, síírò á sì yí padà láìsọ fún ẹ. Tó o bá ń lọ síbi tí òjò ti máa ń rọ̀ gbére, ìdí ìbọn oníke ló máa jẹ́ kó o sùn. Ní òtútù tó le, fi ọ̀rá díẹ̀ kín-ún tàbí kó o má fi rárá sínú bólítì, ọ̀rá tó bá ti dì á máa fa abẹ́rẹ́ sẹ́yìn, wàá fa tírígà tó kàn dún kíkún, ọta ò ní lọ. Má gbé ìbọn tó tutù bọ̀ sínú yàrá gbígbóná kó o wá gbé e tì, omi á bò ó lára, á bo dígí síkóòpù, á wọnú ọ̀pá, dípẹtà á sì bẹ̀rẹ̀. Gbé e sínú àpótí níta kó o tó gbé e wọlé, kó lè gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀. Bo ẹnu ìbọn pẹ̀lú téèpù tí wọ́n fi ń wé wáyà iná kí yìnyín, ìdọ̀tí àti omi má wọlé. Àwọn tó ti ṣe é mọ̀ pé o lè yìn ín gba inú téèpù kọjá, kì í ṣe nǹkan kan.

Tó o bá ṣubú pẹ̀lú ìbọn, tàbí tó o fi ẹnu ẹ̀ kan ilẹ̀, dúró. Yọ ọta, ṣí bólítì, wo inú ọ̀pá kó o tó tún yìn ín. Amọ̀ tí ò tó ìka nínú ẹ̀ ti tó láti là á.

Ọmọ_Ọdẹ_Tuntun
Mo ti ní ẹ̀kọ́ tó pọ̀. Báyìí ni mo ṣe rí i: .308 oníbólítì, ìdí oníke, síkóòpù 3-9, ìbọn tó bá mi lára mu kó tó jẹ́ pé orúkọ ni mo rà. Ìkejì, mo máa bi àwọn tó ń gbà wá lálejò bóyá ìbọn wà tí wọ́n lè yá mi. Tí kò bá sí, mo ti rí ẹnìkan tó ń ta .308 àlòkù, ìlànà kan náà. Kí ni kí n wò lára ẹ̀ kí n tó sanwó, ẹ jọ̀ọ́?

Amójútó_Síkóòpù
Ó dáa. Nínú àlòkù, wo ẹnu ìbọn, etí ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ní ìgún tàbí ìfà, ibẹ̀ ni ọta ti ń dágbére, kékeré tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ á máa gbé e gba ibòmíràn. Fi iná sínú ọ̀pá, wo àwọn ìlà tó yí inú ẹ̀ ká bóyá wọ́n ṣì mú tàbí wọ́n ti já, bóyá dípẹtà ti jẹ ibì kan. Yọ bólítì, wo ojú ẹ̀ bóyá ihò abẹ́rẹ́ ti fẹ̀. Nọ́ńbà bólítì àti ti ara ìbọn yẹ kó bára mu tó bá jẹ́ irú ìbọn tí wọ́n ń kọ méjèèjì sí, bólítì tí wọ́n pààrọ̀ ní láti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa ìbọn kó fi gééjì wọn ibi tí ọta ń jókòó sí, torí tó bá fẹ̀ jù, ìdí ọta lè bẹ́ sí ojú ẹ. Tún ní kó dá ẹ lóhùn nípa bó ṣe lò ó, ta ló pààrọ̀ tírígà, ṣé wọ́n ti gé ọ̀pá. Ẹni tí ò fẹ́ kó o mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, dá owó ẹ padà sápò.

Tírígà_Tútù
Tó o bá rà á, kó àpótí ọta kan náà, nọ́ńbà ìdìpọ̀ kan náà, ṣe síírò méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ìbọn tó o fọ̀ tán, ọta àkọ́kọ́ ẹ̀ máa ń yà, nítorí náà wo ibi tí ti ìbọn tútù bọ́ sí, ìyẹn lo máa yìn fún ẹran, kì í ṣe ìkarùn-ún tó ti gbóná. Tẹ́ ẹ bá dé ibi ọdẹ, ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì wọgbó kẹ́ ẹ tó tún yin bébà, ìrìnàjò ti mì í. Kọ iye tí ọta rẹ ń lọ sílẹ̀ ní 100, 200 àti 300 sórí ìwé kékeré, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìbọn kọ̀ọ̀kan, kó o sì ya àwọ̀ ọ̀tọ̀ sára tìkejì kó o má gbé e rò pé àkọ́kọ́ ni.